Láti Orí Pèpéle Dé Inú Ìwé: Ìtàn Ẹ̀kọ́ Eré-Onítàn ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama Ilẹ̀ Yorùbá

Ìfáárà

Ní ọ̀pọ̀ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí, bí olùkọ́ bá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣí ìwé eré-onítàn wọn, ohun tí ó máa ń tẹ̀lé e kì í ṣe eré. Akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò dìde, yóò fi ohùn kan ṣoṣo ka ọ̀rọ̀ ọba, ọ̀rọ̀ ẹrú àti ọ̀rọ̀ balógun. Olùkọ́ yóò dá a dúró láti túmọ̀ òwe. Àwọn yòókù yóò kọ orúkọ ẹ̀dá-ìtàn àti ìwà wọn sílẹ̀, nítorí pé ohun tí ìdánwò yóò béèrè nìyẹn. Báyìí ni ìwé yóò ṣe parí láìsí ẹni tí ó gbé ẹsẹ̀ sórí ìtàgé.

Ó rọrùn láti rò pé bí ẹ̀kọ́ náà ti rí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ nìyí, ṣùgbọ́n ìtàn kò gbè é lẹ́yìn. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ girama kọ́kọ́ dé Èkó, orí pèpéle ni eré wà, kò sí nínú ìdánwò. Lónìí, inú ìdánwò ni ó wà, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí lórí pèpéle mọ́. Àpilẹ̀kọ yìí tọpa ìrìn-àjò náà, ó sì wo ohun tí ó gbé eré kúrò ní ibì kan lọ sí ibòmíràn. Ìwé eré kan tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti kà, Ẹfúnṣetán Aníwúrà, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ ohun tí ìyípadà náà ṣe sí ìmọ̀ àwọn ọ̀dọ́ nípa ìtàn ilẹ̀ wọn.

Eré Kí Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama Tó Dé

Kí ilé-ẹ̀kọ́ alágogo tó dé, ilẹ̀ Yorùbá ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́ eré. Ní oṣù Èrèlé ọdún 1826, nígbà tí Hugh Clapperton àti Richard Lander wà lọ́dọ̀ Aláàfin ní Ọ̀yọ́ Ilé, eré àwọn egúngún aláré wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe wọ́n lálejò. Clapperton kọ ohun tí ó rí sílẹ̀: eré alápá mẹ́ta ni, òṣèré kan fara wé ejò ńlá, òmíràn sì fara wé òyìnbó débi pé gbogbo èrò ìwòran bú sẹ́rìn-ín. Àkọsílẹ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí ó fi hàn pé eré tí ó ní ètò, tí ó ní ìpín, tí ó sì ní àwàdà àríwísí ti fìdí múlẹ̀ kí ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́nnárì kankan tó dé Ọ̀yọ́.

Ẹni tí ó ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ kò ṣàdédé mọ̀ ọ́n ṣe. Inú agbo ilé eléégún ni ọmọ ti ń kọ́ ọ, bí ọmọ àgbẹ̀ ti ń kọ́ bí a ṣe ń fi ọkọ́ kọ ebè. Yóò kọ́kọ́ tẹ̀lé àwọn àgbà, yóò gbé ẹrù, yóò gbe orin, yóò kọ́ òkìtì títa, yóò gbọ́ iwì títí yóò fi mọ̀ ọ́n sọ, kí wọ́n tó jẹ́ kí ó wọ agọ̀. Ọ̀rọ̀, ijó, ìlù àti ìparadà kò pínyà nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé òun mọ eré bí kò bá lè ṣe é lójú agbo, nítorí àwọn òǹwòran ni wọ́n ń dán an wò. Ohun tí ó yẹ kí a rántí nípa ẹ̀kọ́ yìí ni pé mímọ̀ àti ṣíṣe jẹ́ ohun kan náà nínú rẹ̀.

Kọ́ńsáàtì Ilé-Ẹ̀kọ́ ní Èkó

Ní ọjọ́ 6 oṣù Òkúdù ọdún 1859, Thomas Babington Macaulay, ọkọ ọmọ Samuel Àjàyí Crowther, ṣí CMS Grammar School ní Èkó pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà. Òun ni ilé-ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí ó di Nàìjíríà. Ilé-ẹ̀kọ́ girama ti àwọn Mẹ́tọ́díìsì tẹ̀lé e ní 1878. Èdè, ìṣirò àti ẹ̀kọ́ Bíbélì ni wọ́n gbájú mọ́. Eré kò ní àyè tirẹ̀ nínú iṣẹ́ ojoojúmọ́.

Síbẹ̀, eré gba ẹnu ọ̀nà mìíràn wọlé. Àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó ìgbà náà, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Sàró, fẹ́ràn kọ́ńsáàtì púpọ̀. Ní 1866 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ tí wọ́n pè ní The Academy sílẹ̀ láti máa gbé àsọyé àti ètò ìdárayá ọpọlọ kalẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ àti ìjọ náà ń ṣe tiwọn. Nínú irú kọ́ńsáàtì bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ a máa kọrin, a máa ké ewì Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti há sórí, a sì máa kópa nínú ìtàkùrọ̀sọ àti eré kéékèèké. Owó ìwọlé a máa ran ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ìjọ lọ́wọ́. Ìṣe ọmọ lórí pèpéle a sì máa fi han òbí pé owó ilé-ìwé tí òun ń san kò bọ́ sómi. Orí pèpéle yìí ni ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ti kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń gbé ohùn sókè, bí a ṣe ń dúró níwájú èrò, àti bí a ṣe ń di ẹlòmíràn fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Àbùkù ibẹ̀ ni pé ẹni tí ọmọ náà ń dì kì í sábà jẹ́ ẹni tí ó jọ ọ́. Òfin Ẹ̀kọ́ ọdún 1882 fi owó ìrànwọ́ ìjọba sí ẹ̀kọ́ kíkà àti kíkọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò fi sí ti èdè ìbílẹ̀. Àwọn ìwé ìròyìn Èkó bínú sí i. Bí ọ̀rúndún náà ti ń lọ sópin, tí àwọn ìjọ tí aláwọ̀ dúdú ń darí ń yọ jáde, tí àwọn bíi Mọ́jọlá Àgbébí sì ń pa orúkọ òyìnbó tì, kọ́ńsáàtì náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Orin Yorùbá wọ inú rẹ̀. Nígbà tí ó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, eré tí ó dá lórí ìtàn ọba àti ọmọ ọba ilẹ̀ Yorùbá ti ń jáde ní gbọ̀ngàn ìjọ àti ti ilé-ẹ̀kọ́. Ìwé kíkà nínú kíláàsì kò tíì yí padà, ṣùgbọ́n pèpéle ti yí padà ṣáájú rẹ̀.

Olùkọ́ Tí Ó Di Òṣèré

Láti ìgbà yìí títí di nǹkan bí 1960, ìbáṣepọ̀ láàárín ilé-ẹ̀kọ́ àti ìtàgé ṣe tímọ́tímọ́ ju bí a ti sábà ń sọ lọ. Hubert Ògúndé, tí a bí ní Ọ̀ṣósà ní 1916, ṣe iṣẹ́ olùkọ́ fún ọdún mélòó kan kí ó tó di ọlọ́pàá. Ní oṣù Òkúdù 1944 ni ó gbé The Garden of Eden and the Throne of God jáde ní gbọ̀ngàn Glover ní Èkó; ní 1945 ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó sì gba eré ṣíṣe gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ òòjọ́. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, tí ó sọ ìtàn Ámósì Tútùọlá nípa ọ̀mùtí di Lánkẹ́ Ọ̀mùtí ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963, ti ṣe olùkọ́ rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Dúró Ládípọ̀, ẹni tí ó gbé Ọba Kò So jáde ní Òṣogbo, tí ó sì gbé e dé Berlin ní 1964.

Kì í ṣe àkọsẹ̀bá pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde láti inú iṣẹ́ olùkọ́. Olùkọ́ ni ìjọ àti ilé-ẹ̀kọ́ máa ń gbé ètò orin, ètò Kérésìmesì àti ètò òpin ọdún lé lọ́wọ́. Òun ni ó ń yan ọmọ tí yóò ṣe Hẹ́rọ́dù, òun ni ó ń kọ́ wọn lórin, òun ni ó ń wá aṣọ. Nígbà tí olùkọ́ bẹ́ẹ̀ bá fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lọ dá ẹgbẹ́ òṣèré, iṣẹ́ tí ó ti ń ṣe láìgba owó ni ó gbé lọ sí ọjà.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó máa dí irú eré wọn lọ́wọ́ láti padà sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Púpọ̀ nínú eré Ògúndé ni kò di ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ lè rà. Òṣèré mọ ìtàn, ó mọ orin, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kún un lójú agbo. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi òfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1964 nítorí Yorùbá Ronú, ó hàn gbangba pé eré náà ní agbára lórí ìlú. Síbẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kò lè fi ohun tí kò sí nínú ìwé ṣe ẹ̀kọ́ tí yóò parí sí ìdánwò. Òǹtẹ̀wé di onílẹ̀kùn.

Ìwé Eré Dé

Ẹni tí ó ṣílẹ̀kùn náà jẹ́ olùkọ́ pẹ̀lú. J. F. Ọdúnjọ, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fi ìwé Aláwìíyé rẹ̀ mọ ìwé kà, tẹ eré Agbàlọ́wọ́méèrí Baálẹ̀ Jòǹtolo jáde ní 1958. Baálẹ̀ tí ó ń fi ipò rẹ̀ ni àwọn tí kò ní olùgbèjà lára ni ó wà láàárín eré náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì bá àkókò tí ìjọba ara-ẹni ń bọ̀ mu. Ọdún mẹ́ta péré ṣáájú rẹ̀, ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1955, ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí yóò ka ìwé Yorùbá ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, àwọn òǹtẹ̀wé sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Láàárín nǹkan bí ogún ọdún tí ó tẹ̀lé e, ìwé eré tí ó dára jáde léraléra. Akínwùnmí Ìṣọ̀lá kọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà nígbà tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn. Ìwé náà gba ẹ̀bùn nínú ìdíje Ẹgbẹ́ Ìjìnlẹ̀ Yorùbá, ó sì jáde ní títẹ̀ ní 1970. Baṣọ̀run Gáà ti Adébáyọ̀ Fálétí jáde ní 1972. Rẹ́rẹ́ Rún ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí tẹ̀lé e ní 1973, ó sì gbé ìjà àwọn òṣìṣẹ́ àti aṣáájú wọn wọ inú eré Yorùbá, ibi tí ọba àti ìjòyè ti ń jókòó tẹ́lẹ̀. Ìṣọ̀lá tún kọ Kòṣeégbé, tí ó jáde ní 1981, lórí ìwà ìbàjẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba.

Èdè tí olùkọ́ yóò fi ṣàlàyé àwọn ìwé wọ̀nyí náà ń dúró. Àwọn onímọ̀ ṣe àkójọ èdè-ìperí Yorùbá. Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú ìdìpọ̀ kìíní tí ó jáde ní 1984, Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe ti èkejì ní 1990. Pẹ̀lú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, olùkọ́ lè fi èdè Yorùbá sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀dá-ìtàn, ibùdó-ìtàn, ahunpọ̀-ìtàn àti ìfìwàwẹ̀dá láìyá ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èrè ńlá ni èyí. Ẹ̀kọ́ tí òfin 1882 kò kà sí ti di ẹ̀kọ́ tí ó ní ìwé, tí ó ní olùkọ́ tí yunifásítì kọ́, tí ó sì ní èdè tirẹ̀.

Ìdánwò àti Èrò Kíláàsì

Ní 1952 ni wọ́n dá àjọ WAEC sílẹ̀, ó sì gba iṣẹ́ ìdánwò tí Cambridge ń ṣe tẹ́lẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìwé eré àwọn ọmọ Áfíríkà, bíi The Lion and the Jewel ti Wọlé Ṣóyínká àti The Gods Are Not to Blame ti Ọlá Rótìmí, bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ Shakespeare nínú ìdánwò lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ìdánwò Yorùbá, èdè, lítíréṣọ̀ àti àṣà ni ìpín mẹ́ta tí akẹ́kọ̀ọ́ ń dáhùn. Eré-onítàn jẹ́ ẹ̀ka kan lábẹ́ lítíréṣọ̀, pẹ̀lú ìtàn-àròsọ àti ewì. Ìwé kan ni wọ́n máa ń yàn fún ọdún mélòó kan, kí wọ́n tó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ìlànà yìí ló gbé ìwé eré dé ìlú àti ìletò tí ẹgbẹ́ òṣèré kò lè dé. Ṣùgbọ́n lórí bébà ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń dáhùn rẹ̀, kò sì sí máàkì fún ohùn, ìrìn tàbí ìfarasọ̀rọ̀. Ohun tí kò bá ní máàkì kì í pẹ́ di ohun tí a ń sún síwájú títí àsìkò yóò fi tán. Nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá sì sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́ láti 1979, ọmọ tí kò bá ti rí ilé-ẹ̀kọ́ girama wọ̀ rí i wọ̀, kíláàsì sì kún fọ́fọ́. Olùkọ́ tí ó ní ọmọ púpọ̀ nínú yàrá kan, tí ó ní ìṣẹ́jú ogójì, tí ìwé tí ó wà níwájú rẹ̀ kò sì tó nǹkan, yóò yan kí ẹnì kan máa kà kí àwọn yòókù máa gbọ́. Àìbìkítà kọ́ ni. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó rí nìyẹn. Ètò ìṣàtúnṣe ọrọ̀ ajé ti 1986 sì mú kí owó ìwé àti owó aṣọ eré ga ju ọwọ́ òbí lọ.

Eré ṣíṣe kò kú pátápátá. Ó ṣẹ́kù síbi àjọ̀dún àṣà, òpin ọdún àti ìdágbére fún àwọn tí ó ń jáde. Ṣùgbọ́n ó ti kúrò nínú iṣẹ́ kíláàsì, ó ti di ọ̀rọ̀ ayẹyẹ. Ẹni tí ó ṣeré níbi àjọ̀dún àti ẹni tí ó kọ ìdánwò eré lè jẹ́ ọmọ kan náà, kí ó má sì mọ̀ pé ohun méjèèjì jọ ara wọn.

Ẹjọ́ Ẹfúnṣetán

Ibi tí àdánù ìyípadà yìí ti hàn jù ni ọ̀rọ̀ ìtàn. Nínú eré Ìṣọ̀lá, Ẹfúnṣetán jẹ́ Ìyálóde ọlọ́rọ̀ tí ikú ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ti sọ ọkàn rẹ̀ di òkúta. Ó pàṣẹ pé ẹrúbìnrin rẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ lóyún. Adétutù lóyún, ó sì kú fún un. Látòósà àti àwọn ìjòyè dìde sí Ìyálóde. Nígbà tí agbára bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí eré, ó gún régé: ìbànújẹ́ di ìkà, ìkà di ìparun, ìlú sì rí ìsinmi.

Àkọsílẹ̀ Samuel Johnson, tí ó parí ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí ó sì jáde ní 1921, kò rí bákan náà. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni Johnson sọ pé Látòósà fi kan Ẹfúnṣetán ní 1874: pé kò bá òun lọ sógun, pé kò fi ohun ìrànwọ́ ránṣẹ́ sí òun lójú ogun, àti pé kò jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi ìlú láti kí òun kú àbọ̀. Kò sí ẹ̀sùn ìyà ẹrú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọjọ́ 1 oṣù Ẹ̀bìbì ni wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè. Òru ọjọ́ 30 oṣù Òkúdù ni àwọn ẹrú rẹ̀ méjì pa á nínú ilé rẹ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ ìbátan rẹ̀ Kúmúyìlọ́ sí ọ̀rọ̀ náà. Kò pa ara rẹ̀. Pípa ni wọ́n pa á. Bọ́láńlé Awẹ́, nínú ìwé tí ó ṣe olótùú rẹ̀ ní 1992 lórí àwọn obìnrin Nàìjíríà nínú ìtàn, gbé ìgbésí-ayé rẹ̀ ka inú òwò, oko àti ìṣèlú Ìbàdàn, níbi tí obìnrin tí ó ń pèsè ohun ìjà fún àwọn jagunjagun ti lè di ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè àti ẹni tí wọ́n ń bẹ̀rù.

Èyí kì í ṣe ẹ̀sùn sí Ìṣọ̀lá. Ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé eré ni láti tún ìtàn hun, ìtàn àtẹnudẹ́nu Ìbàdàn náà kò sì ṣàìsọ nípa ìkà rẹ̀ sí ẹrú. Ìṣòro wà níbi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò ti ní ibòmíràn tí wọ́n lè gbà mọ Ẹfúnṣetán. Ní nǹkan bí ọdún 2009 ni wọ́n yọ Ìtàn kúrò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ tí ó dá dúró nínú ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ Nàìjíríà. Ó di 2018 kí àṣẹ ìmúpadà rẹ̀ tó jáde. Láàárín àkókò náà, ìwé eré nìkan ni ó ń bá ọmọ púpọ̀ sọ̀rọ̀ nípa Ìbàdàn ọ̀rúndún kọkàndínlógún tàbí nípa Ọ̀yọ́ ìgbà Gáà.

Ìṣòro kejì jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Eré tí a kà láìṣe é máa ń dàbí òtítọ́ tí kò ní àríyànjiyàn. Bí ọmọ bá wọ agọ̀ Látòósà, yóò béèrè ìdí tí Ààrẹ fi bínú tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó ṣe Ẹfúnṣetán yóò wá ohun tí yóò fi gbèjà ara rẹ̀. Ìbéèrè wọ̀nyí ni ó ń ṣí ojú sí ohun tí òǹkọ̀wé yàn àti ohun tí ó fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé àkọsílẹ̀ ni ọmọ náà ń há sórí, pé "Ẹfúnṣetán: ìkà, agbéraga", èsì ti dé kí ìbéèrè tó jáde. Orúkọ obìnrin kan tí ó gbé ayé rí di ìdáhùn oní-máàkì méjì.

Ìgúnlẹ̀

Ìtàn tí àpilẹ̀kọ yìí tọpa ní èrè, ó sì ní àdánù. Èrè rẹ̀ ni pé eré Yorùbá, tí òfin ẹ̀kọ́ 1882 kò kà sí, di ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń kọ ìdánwò rẹ̀ ní èdè ìyá rẹ̀. Àdánù rẹ̀ ni pé mímọ̀ àti ṣíṣe, tí wọ́n jẹ́ ohun kan náà ní agbo eléégún, tí wọ́n sì ṣì súnmọ́ ara wọn lórí pèpéle kọ́ńsáàtì Èkó, ti pínyà. Kò sí ẹnì kan tí ó jókòó pinnu pé kí wọ́n pínyà. Ìwé títẹ̀, ìdánwò orí bébà, kíláàsì tí ó kún àti owó tí kò sí ni wọ́n jọ ṣe é díẹ̀díẹ̀.

Ohun tí a fi díẹ̀díẹ̀ pàdánù ṣeé fi díẹ̀díẹ̀ gbà padà, kò sì dìgbà tí aṣọ eré bá wà. Ẹ̀sùn mẹ́ta tí Johnson kọ sílẹ̀ kò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. Olùkọ́ lè kọ wọ́n sójú pátákó, kí ó ní kí ọmọ kan dìde gẹ́gẹ́ bí Ààrẹ, kí òmíràn dìde gẹ́gẹ́ bí Ìyálóde, kí kíláàsì sì jókòó gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀ Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n ṣí ìwé Ìṣọ̀lá. Ìṣẹ́jú ogójì tó fún un, ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó wà nínú yàrá náà yóò sì di ìlú tí ó ń gbọ́ ẹjọ́.